Ẹ Wá Jẹun: Bí Mo Ṣe Kọ́ Òyìnbó Láṣà ní Ẹ̀pẹ́

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, àní bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi. Nígbà náà, èmi ni wọ́n fi ṣe atọ́nà àlejò ní ọ́fíìsì wa ní Ẹ̀pẹ́. Ìdí rẹ̀ kò ju pé mo ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta ní Ìkòròdú lórí àṣà àti àjọṣe láàárín orílẹ̀-èdè, mo sì ti gba sàtífíkéètì bọ̀. Mo gbé e kọ́ ògiri pálọ̀. Ìyàwó mi ní ó kù kí n máa gbé e sùn.

Aṣojú ìjọba kan láti òkè òkun, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Màdáàmù, fẹ́ wá wo etí ọ̀sà wa. Bí ohun tó rí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn yóò kọ́ ilé yìnyín fún àwọn ìyá ẹlẹ́ja, kí ẹja wọn yé jẹrà. Ó pẹ́ tí àwọn ìyá náà ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Ọ̀gá mi kìlọ̀ fún mi: "Tí èyí bá bàjẹ́, ìwọ lo bà á jẹ́ o." Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mo kọ ìlànà àṣà fún Màdáàmù. Òfin kìíní ni pé ohunkóhun tí àgbàlagbà bá fi lọ̀ ọ́ nílẹ̀ Yorùbá, kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́.

Ọ̀sán gangan la débẹ̀. Ìyá Sídí, olórí àwọn ẹlẹ́ja, wà nídìí ẹ̀bà rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí wa. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wá jẹun!"

"Kí ni wọ́n sọ?" Màdáàmù bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì.

"Wọ́n ní kí ẹ wá jẹun," èmi ògbifọ̀ fi yangàn.

Kí n tó ṣẹ́jú, Màdáàmù ti fọwọ́, ó ti jókòó sórí àpótí. Ọmọdé ilẹ̀ Yorùbá pàápàá mọ̀ pé "Á gba ibi ire o" là ń dáhùn, tí a ó sì máa bá tiwa lọ. Èmi onísàtífíkéètì ni kò rántí kọ ọ́ sínú ìlànà. Bí Màdáàmù ṣe gbé orí ẹja, Ìyá Sídí gbójú sókè, ó wò mí. Èmi ń wo omi.

Ìsọ̀ kejì, ìkọ́kọrẹ́ ni. "Ẹ wá jẹun o!" Màdáàmù jókòó. Ìsọ̀ kẹta, gààrí tútù àti ẹja díndín. Òógùn ti bò ó, ṣùgbọ́n òfin kìíní ni òfin kìíní. "Àṣà yín wúwo o," ló sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ìròyìn ti sáré ṣíwájú wa. Bí àwọn ìyá tó kù bá ti rí wa lọ́ọ̀ọ́kán, wọn a bo abọ́, wọn a tì í sábẹ́ tábìlì. Ìyá kan tilẹ̀ fi aṣọ bo tirẹ̀, ó jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tó ń sùn. Màdáàmù rí i. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́, ó yọ ìwé jáde.

"Àwọn èèyàn yìí ń fi oúnjẹ pa mọ́. Ebi ń pa wọ́n! Ìrẹsì ni wọ́n nílò, kì í ṣe ilé yìnyín." Ó sì fa igi lé ilé yìnyín lórí.

Ìrẹsì kẹ̀, pẹ̀lú ilé ẹ̀rọ ràgàjì tí wọ́n ti ń ṣe ìrẹsì nítòsí wa ní Ìmọ̀tà! Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo sáré padà lọ bá Ìyá Sídí, mo dọ̀bálẹ̀ sórí ìpẹ́ ẹja, mo jẹ́wọ́.

"Ta ló tiẹ̀ kọ́ ẹ láṣà?"

"Ìkòròdú ni wọ́n ti kọ́ mi, mà."

"Lọ dá sàtífíkéètì wọn padà." Ó di ọwọ́ Màdáàmù, tó ti tẹ̀lé mi débẹ̀, mú. "Ọmọ mi, tí a bá ní kí o wá jẹun, ìfẹ́ la fi ń pè ọ́. Ìwọ náà á fi ìfẹ́ sọ pé á gba ibi ire. Oúnjẹ ò ní kúrò níbi tó wà."

Mo túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú. Màdáàmù bú sẹ́rìn-ín. Ó ní nílùú àwọn náà, gbogbo èèyàn ló ń béèrè bí ara ṣe rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró ka àìsàn rẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń sá fún. Ó pa ìrẹsì rẹ́, ó kọ ilé yìnyín padà.

Ìyá Sídí kò gbàgbé ẹ̀bà rẹ̀ ṣá. Ó ní kí n gbé kúlà oúnjẹ mi wá láti inú mọ́tò, ó sì jẹ ẹ́ lójú mi. Kò pè mí wá jẹun.

Nírọ̀lẹ́, bí mo ṣe ń sin Màdáàmù lọ sí Ìkòròdú, ó ra ẹ̀pà ní Àgbọ̀wá. Ikùn mi ń kùn. Ó yíjú sí mi, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá: "Ẹ wá jẹun." N kò mọ ìgbà tí mo nawọ́. Ó fa ẹ̀pà rẹ̀ sẹ́yìn. "Á gba ibi ire ńkọ́?"

Mo ti kọ́gbọ́n: ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àlejò láṣà, kó kọ́kọ́ lọ bi ìyá tirẹ̀ léèrè. Ilé yìnyín ti dúró ní etí ọ̀sà báyìí. Tí mo bá kọjá níbẹ̀ lọ́sàn-án, Ìyá Sídí á ní, "Ọ̀gá àṣà, wá jẹun o!" Èmi á rẹ́rìn-ín ìtìjú, màá tètè dáhùn pé á gba ibi ire. Síbẹ̀, ìyá yẹn máa ń bo abọ́ kó tó pè mí.