Ohùn Ìyá Tẹ̀mí Nínú Kùrukùru

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà etí òkun fi ń pa á lówe pé, "Ẹni tó pa amọ̀nà yóò sá fún ohùn aya rẹ̀"? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ ní abúlé Obè Adúmilà, ẹ̀rín kọ́ ló kọ́kọ́ wá.

Apẹja ni Ẹbíṣemíjù. Nígbà náà, ẹyẹ òkun ni amọ̀nà àwọn apẹja: ẹyẹ funfun kékeré, olórí dúdú, tó ń ké "kíríà! kíríà!" Ibi tí wọ́n bá ti ń bẹ́ sómi, ẹja wà níbẹ̀. Bí kùrukùru bá sì bo òkun, ẹni tó bá tẹ̀ lé igbe wọn yóò dé èbúté. Nítorí náà, gbogbo apẹja ló ń so àkísà pupa mọ́ okùn àwọ̀n, kí ẹyẹ lè rí i, kó yà fún un.

Ẹbíṣemíjù wá ra àwọ̀n ńlá kan lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń kó ẹja tà sókè òkun. Àwọ̀n náà gùn ju abúlé lọ. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tẹ̀mí, gé ìdajì ìró pupa rẹ̀, ó so ó mọ́ ọn. Ẹbíṣemíjù tú gbogbo rẹ̀ dànù.

"Àkísà ń fa àwọ̀n mi sẹ́yìn."

"Bàbá Tẹ̀mí, àwọn ẹyẹ ńkọ́?"

"Ṣé ẹyẹ ni mo dẹ àwọ̀n fún ni?"

Àwọn ẹyẹ bẹ́ lé ẹja inú àwọ̀n, wọ́n há síbẹ̀, omi sì pa wọ́n. Bó bá ti fa àwọ̀n sókè, á máa tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ká apá mọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú, ojú wọn là sílẹ̀. Á wí pé, "Ìwọ kọ́ ni mo dẹ àwọ̀n fún," á sì jù wọ́n nù.

Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ojú ọ̀run ti dákẹ́. Èèyàn lè gbọ́ omi tó ń kán lára àjẹ̀. Àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí omi, wọn kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kùrukùru bá Ẹbíṣemíjù lójú òkun. Ó bo iwájú ọkọ̀, ó bo ọwọ́ rẹ̀. Ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Létí òkun, Ìyá Tẹ̀mí rí i pé gbogbo ọkọ̀ ti dé, ó ku ẹyọ kan. Ó sọ fún àwọn obìnrin tó ń yan ẹja pé, "Kò sí ẹyẹ mọ́ tí yóò pè é. Àwa náà kò sì yadi." Ni wọ́n bá figbe ta: "Kíríà! Kíríà!"

Orí Ẹbíṣemíjù wú. Ṣebí òun ló pa àwọn ẹyẹ náà tán! Ó yí ọkọ̀ padà, ó kọjú sí agbami, ó ń wà á bí ẹni tí iná ń lé.

"Ó ń lọ o! Mo ń gbọ́ àjẹ̀ rẹ̀," ni obìnrin kan wí.

"Kò gbọ́ ni. Ẹ ké sókè sí i!" ni Ìyá Tẹ̀mí dáhùn.

Wọ́n ké sí i, ó sá sí i. Ìyá Tẹ̀mí kó wọn sínú ọkọ̀ kan, wọ́n lé e. Ó dúró níwájú ọkọ̀ náà nínú bùbá funfun, ó ń ju apá. Ẹbíṣemíjù bojú wẹ̀yìn. Ó rí ohun funfun tí kò ní ẹsẹ̀, tó ń ju ìyẹ́.

"Kíríà! Bàbá Tẹ̀mí!"

"Yéè! Wọ́n ti mọ orúkọ ọmọ mi!" Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹyẹ! Èmi ni mo tú àkísà! Mo sọ fún ìyàwó mi pé ẹ ṣí lọ ni, irọ́ ni! Ẹja yíyan tó fi pamọ́ de ìyá rẹ̀, èmi ni mo jẹ ẹ́, mo ní ológbò ni!"

Igbe náà dákẹ́.

"Ìwọ ni?" ni ẹyẹ náà béèrè.

Ẹbíṣemíjù bẹ́ sómi, ó sì há sínú àwọ̀n ara rẹ̀ tó ń wọ́ tẹ̀ lé ọkọ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin fà á sókè, ó ká apá mọ́ra, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń mí díẹ̀díẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wò ó láti òkè délẹ̀.

"Èyí kọ́ la dẹ àwọ̀n fún. Ṣé ká jù ú nù?"

Gbogbo wọn wo Ìyá Tẹ̀mí. Ó rò ó. Ó rò ó pẹ́ díẹ̀, nítorí ẹja yẹn. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀bẹ, ó gé àwọ̀n.

Ìgbà náà ni wọ́n tó rí i pé àwọn náà kò mọ ọ̀nà ilé. Kùrukùru dì yí wọn ká. Lójijì, lókè orí wọn, ohùn kan ṣoṣo ké: "Kíríà." Wọ́n wo ẹnu ara wọn. Gbogbo ẹnu ló pa dé. Wọ́n wakọ̀ tẹ̀ lé e títí iyanrìn fi kan ìdí ọkọ̀.

Àkísà pupa tí Ẹbíṣemíjù so mọ́ àwọ̀n lẹ́yìn ìyẹn pọ̀ ju àwọ̀n náà lọ. Ṣùgbọ́n títí ó fi darúgbó, bí Ìyá Tẹ̀mí bá pè é pé kó wá jẹun, yóò kọ́kọ́ sá dé ẹ̀yìnkùlé ná, kó tó rántí pé ebi ń pa òun. Àwọn àgbà rí i, wọ́n mi orí, wọ́n ní: ẹni tó pa amọ̀nà yóò sá fún ohùn aya rẹ̀.