Ìpá Tí Mo Ta ní Ọ̀kà

Ọjọ́ kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní: ọjọ́ tí ọ̀gá wa mú mi lọ sí Ọ̀kà pé kí n lọ sọ̀rọ̀ nípa kàrátè.

Ìkàrẹ́ ni mo ti ń kọ́ ọ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Gójú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀gá. Kó tó kọ́ ọ ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ pé erékùṣù Okinawa ní Japan ló ti wá, pé àwọn ará ibẹ̀ po ìjà tiwọn mọ́ èyí tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà, pé líle àti rírọ̀ ni ìtumọ̀ Gójú.

"Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í kọ́kọ́ gbéjà dìde," ni yóò wí.

Mo ti há gbogbo rẹ̀ sórí bí orin.

Ilé-ìwé kan ní Ọ̀kà fẹ́ kí ọ̀gá máa wá kọ́ àwọn ọmọ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba àwọn òbí pé a ó sọ ọmọ wọn di ìpáǹle. Ọ̀gá ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀, torí mo mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo wọ aṣọ funfun tí mo fi sítáàṣì gan, mo tẹrí ba, mo sọ̀rọ̀. Àwọn òbí ti ń mi orí pé ó dáa. Ni bàbá káfíńtà kan bá dìde lẹ́yìn.

"Àbúrò, gbogbo títẹríba yìí, ṣé ijó ni àbí ìjà?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí èmi náà rẹ́rìn-ín, ìgbéraga ò jẹ́.

"Ẹ bọ́ síwájú, bàbá."

Mo kàn fẹ́ dá ẹsẹ̀ dúró síwájú imú bàbá ni. Mo fò, mo ta ìpá. Ṣòkòtò mi ló kọ́kọ́ dáhùn: fààà! Níbi tí mo ti ń fọwọ́ wá ìdí mi lófuurufú, bàbá rọra yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì ré lu tábìlì ọ̀gá ilé-ìwé, àtèmi àti tábìlì, a jọ dojú dé. Bàbá yìí náà ló gbé mi dìde, ló bọ́ agbádá wọn dì mọ́ mi nídìí.

"Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ṣé o ò fara pa?"

Líle ni mo bá wá. Àwọn tí wọn ò kọ́ ọ rí ni wọ́n rọ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé, ìyá jẹ́jẹ́ kan, yíjú sí ọ̀gá mi. "Ẹ ṣeun, sà. A ó ránṣẹ́ sí yín."

Wọn ò ránṣẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà sí Ìkàrẹ́, ọ̀rọ̀ kan péré ni ọ̀gá sọ: "Ẹnu rẹ sọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ sẹ́ ẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ ọ̀gá, wọ́n sì dárí jì mí, àmọ́ kíláàsì Ọ̀kà ò bẹ̀rẹ̀ mọ́. Mo wá mọ̀ pé ohun téèyàn há sórí lè má tíì dé ọkàn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá ń sọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ sọ ọ́ níbi tí ọ̀gá bá wà.