Àkùkọ Tí Mo Pọ̀n Lọ Gbabẹ́rẹ́

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, bó ti wù kí n dàgbà tó. Lábúlé wa lẹ́bàá Ìyànà Ọ̀fà ni. Adìẹ mẹ́tàdínlógún ni mo ń sìn nígbà náà, pẹ̀lú àkùkọ kan. Ẹyin wọn ni mo fi ń bọ́ ọmọ-ọmọ mi méjì.

Wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé dókítà ẹran ń bọ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, yóò gún adìẹ gbogbo lábẹ́rẹ́ àjẹsára lúkúlúkú, àrùn tí í kó adìẹ lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Wọ́n ní ká má tú wọn sílẹ̀, ká má sì gbé èyí tó ń ṣàìsàn wá. Èmi wá rò ó: ṣebí tèmi ti gbà á lọ́dún tó kọjá? Mo tú wọn sílẹ̀. Àkùkọ nìkan ló ń tòògbé, tí ojú rẹ̀ wú. Ta ló tún yẹ kó gboògùn ju aláìsàn lọ? Ọgbọ́n àgbà nìyẹn o. Mo fi aṣọ wé e, mo pọ̀n ọ́n bí ọmọ jòjòló, mo fi gèlè bò ó lórí.

Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí dókítà ti ń gún adìẹ lábẹ́rẹ́, Ìyá Bọ́sẹ̀, aládùúgbò mi tí í tọpinpin, ní ọmọ ta ni mo pọ̀n. Mo ní ọmọ-ọmọ mi ni, ó ń sùn. Ó ní kí òun wò ó. Bí mo ṣe ń yí lòun náà ń yí. Ibẹ̀ ni ọmọ ti kọ “kékeréékè!”, tó sì yàgbẹ́ sí mi lẹ́yìn.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ní, “Ìyá àgbà, ọmọ yín yìí mà mọ ìgbà tílẹ̀ ń mọ́.”

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín àfi dókítà. Ó bi mí níbi tí àwọn yòókù wà, mo sì jẹ́wọ́.

“Màmá, èyí tára ẹ̀ le labẹ́rẹ́ wà fún, kì í wo èyí tó ti kó àrùn sàn. Lúkúlúkú ọdún yìí sì ti yí padà, àjẹsára tẹ́ ẹ gbà léṣìí ò fi bẹ́ẹ̀ dá a mọ̀ mọ́. Èyí tí mo mú wá yìí ló mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ so àkùkọ yìí lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ kó àwọn tó kù wá kíá. Oògùn tí mo ti pò kì í pẹ́ bàjẹ́.”

Mo délé, adìẹ ti wọ oko ẹ̀gẹ́ lọ. Mo da àgbàdo sílẹ̀, wọn ò wojú mi, ikán ti yó wọn. Mo ń lé wọn kiri pẹ̀lú orúnkún ogbó, mo ṣubú lórí ebè lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́ta péré ni mo rí mú lọ gbabẹ́rẹ́ kí oògùn tó bàjẹ́.

Kí oṣù náà tó parí, àkùkọ ti kú, mẹ́rìnlá sì tẹ̀ lé e. Mo ń gbẹ́ kòtò títí ó fi sú mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí àìsàn tó dé là ń gbabẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá sì ní ká tún wá gbà á, ká tún lọ.

Nígbà tí dókítà padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ó ní, “Màmá, àwọn tó kù ńkọ́?” Mo ní gbogbo wọn nìyí. Ó wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wò mí. Mo fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló bọ́ sí mi lẹ́nu.