Ilé Méjì Tí Eufrasia Fi Ta Àna Rẹ̀ Lọ́rẹ

Ẹjọ́ tó dé iwájú Baálẹ̀ wa lánàá, orúkọ ọmọ ló dá a sílẹ̀. Ọmọkùnrin ológójì ọjọ́ ni, kò tíì lórúkọ. Ọjọ́ Sunday ni Fadá ń bọ̀ wá ṣèrìbọmi. Bó bá ti lọ, ó di ẹ̀yìn òjò kó tó tún padà wá. Baálẹ̀ Leobardo gbé ọ̀pá àṣẹ lé itan, àwọn àgbà mẹ́rin jókòó tì í.

"Abundio, kí ló dé?"

"Baálẹ̀, èmi ni bàbá bàbá ọmọ. Màmá Eufrasia yìí ni ìyá ìyá rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ Abundio, wọ́n ní àfi Filemón, orúkọ ọkọ wọn tó kú. La bá ní kí timbiriche là wá."

Ta ni kò mọ timbiriche nílùú wa? Ẹ ó to àmì tótótó sórí bébà, kálukú á máa fa ìlà láti àmì kan sí èkejì. Ẹni tó bá fa ìlà kẹrin tó sé àmì mẹ́rin mọ́ ló ni ilé, á kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀, á sì tún fà ní dandan.

"Ilé mẹ́rìndínlógójì ni. Wọ́n ti kó méjìdínlógún, mi ò ní ẹyọ kan. Ni wọ́n bá fi méjì sílẹ̀ fún mi! Mo dúpẹ́, mo mú un. Ó di dandan kí n tún fà, kò sì síbi tí mo lè fà á sí tí kò ní ṣílẹ̀kùn fún wọn. Wọ́n kó mẹ́rìndínlógún tó kù pátá! Baálẹ̀, ẹ̀bùn nìyẹn àbí pàkúté?"

"Màmá, ẹ gbọ́?"

Eufrasia tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Àgbàlagbà jókòó látàárọ̀, kò nílé kan. Ajá pàápàá níbi tó ń sùn sí."

"Àánú kẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí adìẹ ṣa àgbàdo tó já bọ́!"

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Tiburcio tó ń lu aago ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ jáde.

"Ojú mi ló ṣe. Abundio dúpẹ́, ó tiẹ̀ ṣí fìlà."

"Fìlà wo?" ni Lucrecia, ìyá ọmọ, wí. "Bàbá ò dúpẹ́ o. Wọ́n rẹ́rìn-ín ni, wọ́n ní ìyá mi ò ríran mọ́. Bàbá Tiburcio sì ń sùn."

"Mo ń sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ nígbà tó ṣí fìlà."

Àgbà kan béèrè bí fìlà ṣe ń dún. Baálẹ̀ yíjú sí Abundio.

"Abundio, o dúpẹ́ àbí o rẹ́rìn-ín?"

"Mo rẹ́rìn-ín kí n tó dúpẹ́."

"O ṣáà gbà á. Nílùú yìí, bí wọ́n bá gbé tòlótòló méjì fún ọ níjọ́ ìnáwó rẹ, méjì lo máa gbé lọ níjọ́ tiwọn. Guelaguetza nìyẹn. Ìrìbọmi yìí ni ọjọ́ Màmá. Dá ilé méjì wọn padà."

Ojú Abundio wálẹ̀. "Baálẹ̀, méjì yẹn náà ni gbogbo ohun tí mo ní. Ṣé orúkọ mi á wá parẹ́ lára ọmọ ọmọ mi ni?"

Àánú rẹ̀ ṣe èmi pàápàá.

"Kó máa mú un lọ," ni Eufrasia wí. "Mi ò gbà á padà."

Àwọn àgbà dìde dúró. A ò gbọ́ rí níwájú Baálẹ̀ pé ẹnì kan kọ̀ láti gba guelaguetza rẹ̀ padà.

Baálẹ̀ fi ọ̀pá kanlẹ̀. "Ìdájọ́ rèé. Filemón Abundio lọmọ á máa jẹ́. Nínú ìgbà mẹ́rìndínlógójì tí ẹ bá pè é, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n Filemón, méjì Abundio. Lucrecia ni kó máa kà á. Ẹni tó bá pe ju iye tirẹ̀ lọ, ọjọ́ mẹ́ta ló máa fi tún ọ̀nà ìlú ṣe."

Láàárọ̀ yìí mo kọjá níwájú ilé Lucrecia. Abundio jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti fá irùngbọ̀n, ó wọ ẹ̀wù tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí n kí i, ló bá gbọ́wọ́ sókè.

"Dákẹ́ jàre. Wọ́n ti pe Filemón dé ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."