Ládélé Wokùn-wokùn àti Ìwé Oyún Rẹ̀

Ẹni tó bá bá Ládélé pàdé ní Ìkàrẹ́ lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò kánsù, ìjọba gan-an ló bá pàdé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Wolé-wolé ni tẹ́lẹ̀ rí, ogún ọdún ló fi ń ṣí ìkòkò omi onílé wò kiri, tó ń wá tanwíjí. Nígbà tó di kánsílọ̀, ó rí i pé ìkòkò ti kéré sí ipò òun. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn.

Olóǹtẹ̀-méjì, Afọnfèrè-kílé-ó-dákẹ́, Àṣẹ-ń-bọ̀-ẹ-yà-lọ́nà: gbogbo oríkì wọ̀nyí, òun ló fi wọ́n ki ara rẹ̀. Èyí tí àwọn obìnrin Ọ̀kà fún un ni Wokùn-wokùn. Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, àfi tó bá ti kọjá díẹ̀.

Òfin rẹ̀ kò le. Obìnrin tó bá lóyún, kó wá kọ orúkọ. Oyún tó bá ti wọ ìwé, ó ti di ti ìjọba, kò gbọdọ̀ wálẹ̀ láìgbàṣẹ. Èyí tó bá wálẹ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni fún ẹni tó gbé e. Ládélé kọ òfin náà fúnra rẹ̀, ó fi òǹtẹ̀ méjèèjì lù ú, ó sì kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́. Èrò rẹ̀ ni pé bí òun bá lè rí ẹyọ obìnrin kan fi sẹ́wọ̀n, ajẹ́lẹ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ á gbọ́, á sì fi òun ṣe alága.

“Ìjọba ni àkùkọ,” a máa wí, “ará ìlú ni àgbàdo.” Àwọn tó bá gbọ́ ọ a máa wolẹ̀.

Eunice, ìyàwó rẹ̀, kìlọ̀ fún un pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, pàápàá èyí tí wọn kò tíì bí. Ó dá a lóhùn pé obìnrin kò mọ ìṣèlú. Ó dé akẹtẹ̀ òyìnbó rẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́, ó gba Àkùngbá kọjá, ó di Ọ̀kà, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ òkè, kẹ̀kẹ́ ló kù tó ń gun Ládélé.

Ó ń ti ojúde kan bọ́ sí òmíràn, ó ń fọn fèrè, ó ń bèèrè pé oyún mélòó ló wà nínú ilé yìí. Bàbá arúgbó kan bi í bóyá ó mọ ohun tó ń bèèrè. Ó ní kò sí ohun tí ìjọba kò mọ̀. Bàbá náà mi orí, ó sì ní kí wọ́n pe àwọn aboyún jáde. Àwọn ènìyàn tó ń gba ẹ̀yìnkùlé sá nítorí owó-orí, wọ́n kó oyún jáde láìjanpata. Ó yẹ kí ara fu Ládélé, ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í jẹ́ kí ara fu ni.

Oyún mẹ́tàdínlógójì ló kọ. Ó buwọ́ lù wọ́n níkọ̀ọ̀kan. “Ohunkóhun tó bá wà nínú ìwé yìí,” ó wí fún wọn, “ọrùn mi ló wà.”

Orúkọ kejìlá ni ti Fadékẹ́, ahunṣọ kan, ìyá ọmọ méjì. Nígbà tí oṣù yóò fi pé méjì, oyún Fadékẹ́ kò sí mọ́. Bó ṣe lọ, òun àti Ìyátúndé, ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí ládùúgbò, ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ bá Ládélé dàpọ̀.

Nígbà tí Ládélé gbọ́, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fọ akẹtẹ̀. Ó pe Fadékẹ́ lẹ́jọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀. Fadékẹ́ fi aṣọ sílẹ̀ lórí òfì láìparí, kò mọ ẹni tí yóò fún àwọn ọmọ méjèèjì lóúnjẹ fún oṣù mẹ́fà. Ẹ̀rù bà á gidi.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, kóòtù kún dé ìta. Fágbàmílà, àgbà tó ń dájọ́, ní kí Fadékẹ́ sọ tẹnu rẹ̀. Fadékẹ́ dìde dúró.

“Ẹ̀yin bàbá, ara tèmi ni. Ìjọba kò sí níbẹ̀ nígbà tó dé, kí ni wọ́n wá ń wá níbẹ̀ nígbà tó lọ?”

Ládélé ní ẹ ò rí àfojúdi. Ìyátúndé bá dìde, ó ní bí kóòtù bá gbà, òun ní ìbéèrè díẹ̀ fún kánsílọ̀. Wọ́n gbà fún un.

“Ta ló wá bèèrè oyún yìí lójúde wa?”

“Èmi Ládélé ni.”

“Ta ló buwọ́ lù ú?”

“Èmi náà ni. Ọwọ́ mi nìyẹn, ẹ wò ó bó ṣe dára.”

“Ọrùn ta ló wà?”

“Ọrùn mi ni!” Ó yíjú sí àwọn èrò, kí wọ́n lè rí ọrùn náà.

Ìyátúndé dúpẹ́, ó jókòó. Fágbàmílà ha ọ̀fun. Ó ní kánsílọ̀ jẹ́ àlejò, bóyá kò mọ ìṣe àdúgbò yìí. Àwọn baba wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa dárúkọ oyún olóyún, nítorí náà wọ́n là á sílẹ̀: ẹni tó bá bèèrè oyún lójúde, òun ni yóò ṣẹ́ igi tí wọn yóò fi máa gbé omi abiyamọ kaná, títí ogójì ọjọ́. Ní ti Fadékẹ́, ohun tó wà lọ́rùn ẹnìkan tó sì sọnù, olọ́rùn ni à ń bi. Kí Fadékẹ́ máa lọ hun aṣọ rẹ̀. Ó wá ku oyún mẹ́rìndínlógójì tí kánsílọ̀ yóò ṣẹ́ igi fún.

Ládélé ní òfin ìjọba ńkọ́? Fágbàmílà ní kóòtù ìbílẹ̀ nìyí. Wọ́n bi àwọn ọkọ aboyún bóyá inú ń bí wọn pé ẹlòmíràn ni yóò ṣẹ́ igi fún ìyàwó wọn. Wọ́n ní rárá o, igi ti jìnnà jù lásìkò yìí, kí ìjọba kú iṣẹ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ìròyìn dé Ìkàrẹ́ pé Ládélé ní oyún mẹ́rìndínlógójì l'Ọ́kà. Eunice wọ lọ́rì. Ẹsẹ̀ òkè ló ti bá a, ìdì igi abiyamọ tó kọ́kọ́ bí lórí, akẹtẹ̀ òyìnbó di òṣùká. Àwọn obìnrin tẹ̀lé e lẹ́yìn, wọ́n ń fọn fèrè rẹ̀.

Ojú wolé-wolé kì í tán lójú ènìyàn. Ó wo Eunice, ó sì rí i pé ikùn rẹ̀ ti yọ. Eunice náà rí i pé ó ti rí i.

“Mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe,” Eunice wí, “bóyá kí n sọ fún ọkọ mi ni, àbí kí n lọ fi tó ìjọba létí.”

Ládélé la ẹnu láti bèèrè oṣù mélòó. Ó rí Ìyátúndé lẹ́bàá ọ̀nà, tó ti tẹ́ etí sílẹ̀ de ìbéèrè náà. Ó pa ẹnu dé, ó tún igi gbé sórí, ó sì ń gun òkè lọ.