Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbóyè àti Ìwé Tó Sọnù

Ẹ bá mi kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbóyè ará Ìkéré, a-mọ̀-Mátíù-ju-ìyá-tó-bí-Mátíù-lọ! Yunifásítì tó fi oyè Ọ̀jọ̀gbọ́n dá a lọ́lá, a ò tíì rí ẹni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n pè é ní "Tíṣà" wò, kò ní dá ọ lóhùn.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, tí Pásítọ̀ Akínpẹ̀lú jẹ́ alága rẹ̀, ń wá ọ̀gá fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù tuntun ní Ìsẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ta ni ì bá tún jẹ ẹ́ bí kò ṣe òun. Ó sáré tẹ ìwé kan jáde lórí ibi tí àwọn ìwé Ìhìnrere ti ṣẹ̀ wá, ó sì pe gbogbo ayé sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Emùré.

Ó gun orí pèpéle, ó tún táì ṣe, ó tún un ṣe.

"Máàkù ló kọ́kọ́ kọ̀wé," ló wí. "Mátíù àti Lúùkù wo tirẹ̀ kọ. Ohun tí àwọn méjèèjì jọ kọ tí kò sí nínú ti Máàkù, inú ìwé kan tó ti sọnù ni wọ́n ti rí i. Ẹ̀yin ará, bí ìwé méjì bá bára mu láìyẹ̀, ẹnìkan ti wo ẹnìkan!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Màmá Ọmọ́rìnsọ́lá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Emùré, nawọ́ sókè, ẹ̀dà ìwé náà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú uṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka ojú ewé kọkànlélógójì. Ohùn yín dùn."

A kì í yin àkùkọ kó má kọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n wú bí búrẹ́dì, ó ṣíwèé, ó ké:

"'Nígbà tí mo wà nínú oyún Bùnmi, àkọ́bí mi, èébì ò jẹ́ kí n sùn. Máàkù ni mo ń kà títí ilẹ̀ fi mọ́...'"

Ó tún ojú ewé náà wò. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Ni ẹ̀rín bá ràn bí iná ọyẹ́.

"Ọdún mẹ́sàn-án rèé," ni Màmá wí, "tí mo gbé ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ wá fún yín, pé kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ní eku ti jẹ ẹ́. Mo sunkún. Bùnmi tí mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló jókòó tì mí yìí."

Bùnmi dìde, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ síwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Màmá mi, ẹ káàsán o."

Òógùn bo ọkùnrin náà. "Ẹ gbọ́ mi ná! Ìwé kẹta kan wà tí àwa méjèèjì jọ wò! Ó ti sọnù!"

"Ṣé ìwé kẹta náà lóyún ni?" Màmá bi í.

"Ajíwèé-bóyè!" lẹnìkan kígbe lẹ́yìn. Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó rí ọ̀kadà gùn, gbogbo gbọ̀ngàn ti ń fi orúkọ náà kọrin.

Pásítọ̀ Akínpẹ̀lú mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màmá. "Ọ̀gá, ẹ wá bá wa parí ẹ̀kọ́ yín."

Màmá gun orí pèpéle. Ó nu ojú.

"Ẹ jókòó dáadáa o," ló wí. "Ọ̀rọ̀ Lúùkù pọ̀."