Akínbọ́lá Séńṣúrì àti Ọgọ́rùn-ún Rẹ̀

Ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ ná. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí ni. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ìtàn Akínbọ́lá Séńṣúrì, ó kàn ń sùn ní Alimosho ni, kò tíì máa gbé ibẹ̀.

Akínbọ́lá ọ̀hún ń bẹ ní òpópónà Ìrẹ̀lẹ̀, lẹ́yìn Gowon Estate. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, ikùn rẹ̀ máa ń dé ibi kan ṣáájú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dà bíi rédíò tí wọ́n gbàgbé láti pa. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Séńṣúrì.

Ẹ mọ kíríkẹ́ẹ̀tì, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n? Eré àwọn aláṣọ funfun, tí ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù pupa, tí ẹnì kejì ń fi bàátì lé e kúrò lára igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá gbá ọgọ́rùn-ún rọ́ọ̀nù, ìyẹn àmì ayò wọn, wọ́n á ní ó gbá séńṣúrì. Akínbọ́lá ní òun gbá a. Fún orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà èwe òun.

Ta ló fẹ́ jiyàn? Àwa tí a ò mọ ìyàtọ̀ láàárín bàátì àti omorógùn?

Ohun tó sì ń gbé Séńṣúrì ga ni pé ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè wa ń wọlẹ̀. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ní tiwa, ilé ọba ń jó, Akínbọ́lá ló ń rẹwà. Wọ́n nà wọ́n lẹ́ẹ̀kíní, ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù Mùtíù tó ń kọ pátákó, ó ní, "Ṣé mo wí?" Wọ́n nà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Nígbà tèmi ńkọ́?" Lẹ́ẹ̀kẹta, orílẹ̀-èdè kan tí gbogbo ará ibẹ̀ kò lè kún bọ́sítọ́ọ̀pù Pleasure láàárọ̀ Monday ló lù wọ́n bolẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni Akínbọ́lá ra fìlà tuntun.

Lucy ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. "Dádì Dọ̀tun, ilé wa wó, ẹ̀yin ń yọ̀."

"Mi ò yọ̀ o. Mò ń ṣọ̀fọ̀ ni."

"Ọ̀fọ̀ wo lẹ ń fi eyín méjìlélọ́gbọ̀n ṣe?"

Nígbà tí wọ́n nà wọ́n lẹ́ẹ̀karùn-ún, ẹgbẹ́ onílé òpópónà Ìrẹ̀lẹ̀ ṣèpàdé. A ní akọni ń bẹ láàárín wa, a ò mọyì rẹ̀. A ní kí pápá tó wà ní ìparí òpópónà máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Gbogbo wa la nawọ́ sókè. Àwọn kan na méjèèjì. Mùtíù fi ọ̀dà búlúù kọ ọ́ gàdàgbà sórí pátákó funfun: PÁPÁ AKÍNBỌ́LÁ 100. A fi aṣọ bò ó, ó ku ọjọ́ ìṣípátákó.

Ká ní ó dákẹ́ nígbà yẹn ni, ì bá ti bùṣe. Ṣùgbọ́n ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ayọ̀ gùn ún, ó sọ̀rọ̀ sórí WhatsApp òpópónà:

"Èmi Akínbọ́lá Séńṣúrì, baba bàátì, àrìrà tí ń lé bọ́ọ̀lù pupa! Ẹgbẹ́ òní kì í ṣe ẹgbẹ́ jàre. Ẹ kó wọn wá sí ẹ̀yìn Gowon Estate níbí. Èmi pẹ̀lú fọkanáísà àti káfíńtà, a ó nà wọ́n!"

Ọ̀rọ̀ WhatsApp kò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà. Ó gba Ẹ̀gbẹ́dá, ó gba Ìkòtún, ó yà ní Ìgàndò, nígbà tó di Wednesday, aago Akínbọ́lá dún.

"Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni alámòójútó ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì. Ṣé ẹ̀yin lẹ ní ká wá?"

Akínbọ́lá yára dìde dúró. "Ẹ̀... àwàdà ni, sà."

"Àwàdà kẹ̀? A ò rẹ́rìn-ín láti oṣù kìíní. Ọkàn àwọn ọmọ wa ti rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n nílò ẹni tí wọ́n lè nà. A ti wá orílẹ̀-èdè títí, a ò rí. Àdúgbò ló kù. A ń bọ̀ ní Saturday."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, orúnkún Akínbọ́lá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Alhaja Mọ̀dínátù, alága ẹgbẹ́ onílé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí irọ́ kì í tètè wọ̀ létí, gbé òróró ìfọwọ́ra wá kí i.

"Séńṣúrì wa, orúnkún wo ni?"

"Tọ̀tún, Alhaja."

"Òsì lẹ so aṣọ mọ́."

Akínbọ́lá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ ló tàn án.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," Alhaja ní. "A ò béèrè ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ yín. Ẹ gbá ẹyọ kan péré lójú wa, a ó ṣí pátákó. Ẹyọ kan! Tí ẹ ò bá gbá a, aṣọ yẹn ò ní ṣí láéláé."

Ẹyọ kan! Ẹ̀rù bọ́ lára Akínbọ́lá, ìgbéraga wọlé padà, ó bá àga rẹ̀ níbi tó fi í sí. Ta ni kò lè gbá ẹyọ kan? Ó gba ọjà Kàtàngówà lọ ní Abúlé Ẹ̀gbá, ó tú ìdì ọkirika títí ó fi rí súwẹ́tà funfun onílà pupa lọ́rùn, àti ìbòsẹ̀ ńlá méjì tí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà máa ń dè mọ́ ojúgun. Ìgbà tó délé ló rí i pé ti ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì.

Olúwadọ̀tun, ọmọbìnrin rẹ̀, ti ka òfin eré náà lórí fóònù. "Dádì, ẹ wo ìlà funfun tó wà níwájú igi mẹ́ta yẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣì wà nínú eré, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìnídìí o. Tí wọ́n bá fi bọ́ọ̀lù kan igi nígbà tí ẹ wà níta, ẹ ti jáde nìyẹn."

"Ta lò ń kọ́ ní kíríkẹ́ẹ̀tì? Èmi Séńṣúrì?"

Ohun tó ká a lára ju òfin lọ ni oríkì. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó gbé e fún Mùtíù. "Mùtíù, gbọ́ mi dáadáa. Bí bọ́ọ̀lù bá sáà ti kan bàátì mi, bẹ̀rẹ̀. Má dúró mí èémí."

Saturday dé. Gbogbo òpópónà tú jáde. Àwọn agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì wọn, wọ́n gbé pátákó ìkaye ayò wọn lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń gbé nọ́ńbà kọ́ sí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n jù wá lọ. Ọ̀kan tọ Alhaja wá, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló le jù nínú wọn?" Alhaja nàka sí fọkanáísà. Ọmọ náà ṣe àmì àgbélébùú sáyà.

Àwa la kọ́kọ́ gbá. Akínbọ́lá ló ṣíwájú, súwẹ́tà òtútù nínú oòrùn ọ̀sán, fìlà títí dé ojú, ẹsẹ̀ òsì méjì. Ó ń rìn bí ọkọ̀ tó fẹ́ yà kúrò lójú títì.

Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sáré bọ̀. Akínbọ́lá dijú. Ó na bàátì síwájú bí ẹni tó ń di ilẹ̀kùn mọ́ olè. Kò! Bọ́ọ̀lù ha etí bàátì, ó ta lẹ́ẹ̀kan nílẹ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tó ń ṣọ́ igi lẹ́yìn rẹ̀.

Ó sáà ti kàn án! Mùtíù gbé gbohùngbohùn sẹ́nu:

"Akínbọ́lá o! Ọkọ bọ́ọ̀lù pupa! Ó gbá kìíní, ó dé Ìgàndò! Ó gbá èkejì, wọ́n ń wá a ní Ìkòtún! Àgbà tó lé ọ̀dọ́ wọ bọ́ọ̀sì padà sílé!"

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa. Èwo nínú àwa ọmọ Yorùbá ni wọ́n máa kì tí yóò dúró sójú kan? Orí Akínbọ́lá wú. Ẹsẹ̀ òsì kan gbéra, ẹsẹ̀ òsì kejì tẹ̀ lé e. Ó kọjá ìlà funfun. Ó gbé bàátì sókè lọ́wọ́ méjèèjì bíi bíṣọ́ọ̀bù tó ń súre fún ìjọ, ó kọjú sí àwọn ìyàwó ilé, ó ń mi orí.

"Dádì! Ìlà! Ìlà!" Dọ̀tun figbe ta.

Akínbọ́lá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó juwọ́ sí ọmọ rẹ̀.

Ọmọ tó ń ṣọ́ igi di bọ́ọ̀lù mú, ó wo ọ̀gá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. "Sà, ṣé kí n ṣe é? Bàbá yìí mà lè bí mi lọ́mọ."

"Ṣe é jàre! Láti oṣù kìíní la ti ń wá irú èyí."

Ọmọ náà tẹ orúnkún díẹ̀. "Ẹ má bínú, sà." Ó fi bọ́ọ̀lù kan igi. Igi ṣubú.

Rẹfirí na ìka kan sókè.

Ìka kan! Akínbọ́lá rí i, inú rẹ̀ dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. "Ẹyọ kan! Alhaja, ṣé ẹ rí i? Rẹfirí ti kà á! Ẹyọ kan!" Kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó sáré lọ sídìí pátákó, ó fa aṣọ ya pẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ọgọ́rùn-ún ń dán nínú oòrùn. Àwa náà pàtẹ́wọ́, a fò sókè, fọkanáísà gbá káfíńtà mọ́ra. Ta ló mọ̀?

Alámòójútó ẹgbẹ́ rìn wá jẹ́jẹ́. "Bàbá, ìka kan kì í ṣe rọ́ọ̀nù kan. Ó túmọ̀ sí pé ẹ ti jáde. Ẹni tó bá gbá kíríkẹ́ẹ̀tì rí lọ́jọ́ kan péré, ó mọ ìyẹn."

Fọkanáísà fi káfíńtà sílẹ̀. A gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àdúgbò kejì.

Fìlà ti ré bọ́ lórí Akínbọ́lá níbi tó ti ń fa aṣọ. Alámòójútó tẹjú mọ́ ọn. "Dúró ná. Ṣé kì í ṣe Akin nìyí? Akin tó ń bá wa kọ́ nọ́ńbà sí pátákó nígbà yẹn?"

Akínbọ́lá na gbọọrọ sílẹ̀ tòun ti súwẹ́tà. "Bọ̀dá Oyèníran... ẹ káàsán, sà."

"Áà! Ẹ̀yin ará, Akin yìí dáa lọ́mọ o! Ọjọ́ tí mo gbá ọgọ́rùn-ún, òun ló gbé e kọ́. Kò kọ́ ọ wọ́!"

Ẹ̀rín tó bú jáde lọ́jọ́ náà, àwọn ará Ìpájà rò pé wọ́n ti mú iná dé. Lucy nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìborùn bojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

"Kódà," Bọ̀dá Oyèníran ní, láìmọ̀ pé òun ń sin ènìyàn láàyè, "ẹni tó ń kọ́ nọ́ńbà fún wa kò wá lónìí. Akin, jọ̀ọ́, bá wa kọ́ ọ."

Àgbà kì í kọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Akínbọ́lá ṣí àpótí, ó mú nọ́ńbà tó yẹ, ó sì gbé e kọ́ síwájú orúkọ ara rẹ̀: òdo. Ó sì tọ́ gangan.

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, mẹ́rìnlá ni gbogbo wa gbá pọ̀, mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ sì ni èyí tí àwọn fúnra wọn fi jíjùkujù ta wá lọ́rẹ. Nígbà tí ó kàn wọ́n, ẹni mẹ́rin wọn ló ti jáde kí wọ́n tó kó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ. Ṣùgbọ́n wọ́n borí! Wọ́n gbé ara wọn sọ́rùn, ọ̀kan sunkún, wọ́n jó yí pápá ká bí ẹni tó gba ife àgbáyé. Òpópónà Ìrẹ̀lẹ̀ ló wo ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè sàn. Ó kéré tán, a wúlò fún nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, a tún pe ìpàdé. Àwọn kan ní kí wọ́n fọ́ pátákó náà. Alhaja Mọ̀dínátù kọ̀. "Èèwọ̀! Ta ló nawọ́ sókè fún un? Ṣé kì í ṣe àwa náà? Ó máa dúró síbẹ̀ kó máa rán wa létí. Mùtíù, gbé ọ̀dà funfun wá, pa ẹyọ nọ́ńbà kan péré rẹ́."

Mùtíù pa á rẹ́. Èyí àkọ́kọ́.

Ẹgbẹ́ wa tún ti lọ sókè òkun, wọ́n sì ti tún nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Akínbọ́lá kò sọ "Ṣé mo wí?" mọ́. Tí ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ wá sí ẹ̀yìn Gowon Estate, ẹ béèrè òpópónà Ìrẹ̀lẹ̀, ẹ rìn ín dé ìparí. PÁPÁ AKÍNBỌ́LÁ 00. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ wá o, torí ọ̀dà funfun Mùtíù kò nípọn, tí oòrùn bá mú un, ẹ óò ṣì rí ẹyọ kan yẹn lábẹ́ rẹ̀, tó ń yọjú. Ẹ lọ fi ojú ara yín wò ó.